Orí Kẹfà: Bí Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Lo Oúnjẹ

Ohun tí orí yìí dá lé

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé lọ́dún 2020 nìkan, ènìyàn 124,815 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àti pé ènìyàn 78,899 ló bá a lọ lọ́dún náà. Níbi tí èrò pọ̀ sí nílùú Èkó bíi Ìfàkò-Ìjàyè, Agége àti Ìkẹjà, ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má tíì gbúròó ẹnì kan ládùúgbò tí àìsàn yìí ń bá fínra. Ìbéèrè tí ẹbí aláìsàn sì sábà máa ń bi dókítà ni pé: kí ni kó máa jẹ, kí ni kó yẹra fún? Ìbéèrè gidi ni. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò yàtọ̀ sí ohun ẹlẹ́mìí yòókù ní ti pé bí kò bá jẹ, kò ní í dàgbà. Àmọ́ èsì tó ti gbilẹ̀ láàárín wa, pé kí aláìsàn ṣáà febi pa jẹjẹrẹ náà, kò bá ohun tí ìwádìí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún fi hàn mu.

Gbogbo iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń fi oúnjẹ ṣe ni a óò máa pè ní ìlò oúnjẹ nínú orí yìí: bó ṣe ń fọ́ oúnjẹ láti rí agbára, bó ṣe ń fi èérún rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀, bó ṣe ń tú èyí tó ṣẹ́kù síta. Ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé ìlò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ju ọ̀rọ̀ ebi àti àjẹyó lọ. Oúnjẹ ni jẹjẹrẹ fi ń kọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ ló tún fi ń sọ ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara di aláìlágbára. Bí a bá sì dí ọ̀nà kan mọ́ ọn, ó lè gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn da ìlò oúnjẹ jẹjẹrẹ rú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ọ̀nà tó wà àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já sí. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Odunsi, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ni a óò fi ṣe òpó ẹ̀rí wa. Ṣùgbọ́n a kò lè lóye iṣẹ́ náà bí a kò bá kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọjá.

Ṣúgà àti àwárí Otto Warburg

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi búrẹ́dì Agége. Yíìsì tí oníbúrẹ́dì pò mọ́ fúláwà ń fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn. Gáàsì tó ń tú jáde ló ń mú kí fúláwà wú kó tó wọ ààrò, ọtí díẹ̀ sì ń bá a jáde. Ògì náà ń kan nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń fọ́ ṣúgà àgbàdo láìlo ọ́síjìn, àmọ́ lactic acid ni tiwọn ń tú jáde, òun ló sì ń mú kí omi ògì kan. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mọ iṣẹ́ kejì yìí dáadáa. Bí ènìyàn bá sáré títí tí ọ́síjìn kò fi tó iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, iṣan náà á máa fọ́ gúlúkóòsì di lactic acid. Bí ọ́síjìn bá ti wà lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa á darí èérún gúlúkóòsì sínú maitokọ́ńdíríà, wọ́n á sì fi ọ́síjìn jó o tán níbẹ̀. Èrè ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Láti ara ẹyọ gúlúkóòsì kan, kíkan ń mú ẹyọ ATP 2 péré wá, nígbà tí jíjó pẹ̀lú ọ́síjìn ń mú nǹkan bí 30 wá. ATP ni kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ń kó agbára sí kó tó lò ó, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ọ́síjìn tí kò sì lò ó dà bí ẹni pé ó ń fi oúnjẹ ṣòfò.

Ní Berlin, ní àwọn ọdún 1920, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Otto Warburg, gé kókó jẹjẹrẹ eku sí pẹlẹbẹ, ó fi wọ́n síbi tí ọ́síjìn pọ̀ sí, ó sì wọn ohun tí wọ́n ń tú jáde. Àbájáde rẹ̀ lòdì sí ohun tí a óò retí: pẹ̀lú gbogbo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbé gúlúkóòsì mì lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di lactic acid. Warburg gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1931 fún iṣẹ́ mìíràn tó ṣe lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára àwárí yìí. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní irú gúlúkóòsì kan tó ní ìtànṣán díẹ̀ lára, tí ẹ̀rọ PET sì ń wo ibi tó bá kóra jọ sí nínú ara. Ọpọlọ àti ọkàn ń gba tiwọn, àmọ́ kókó jẹjẹrẹ púpọ̀ náà ń tàn yàrà nínú àwòrán ẹ̀rọ ọ̀hún, nítorí pé ìyánnú wọn fún gúlúkóòsì ju ti ẹran ara tó yí wọn ká lọ.

Ohun tí Warburg rí dúró, ṣùgbọ́n àlàyé tó ṣe fún un kò dúró. Ó gbà pé maitokọ́ńdíríà sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti bàjẹ́, àti pé ìbàjẹ́ náà gan-an ni orísun àìsàn. Lọ́dún 1956 tó tún tẹnu mọ́ èrò yìí, Sidney Weinhouse ti Amẹ́ríkà ta kò ó nítorí pé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe fi hàn pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń lo ọ́síjìn dáadáa. Maitokọ́ńdíríà wọn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ń fọ́ ṣúgà púpọ̀ lọ́nà kejì pẹ̀lú rẹ̀ ni. Lọ́dún 2009, Matthew Vander Heiden, Lewis Cantley àti Craig Thompson kó ẹ̀rí jọ láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì nílò ju agbára lọ. Ó nílò ọ̀rá tuntun fún awọ ara rẹ̀, pùròtéènì tuntun, àti DNA tuntun. Bó bá jó gbogbo gúlúkóòsì di agbára tán, èérún wo ni yóò fi kọ́ gbogbo ìwọ̀nyí? Bó bá ń fọ́ gúlúkóòsì púpọ̀ kíákíá, á rí èérún yà sọ́tọ̀ fún ìkọ́lé. Ohun tó jọ ìfiṣòfò nígbà tí a ń ka ATP nìkan ti di ìlànà tó bọ́gbọ́n mu nígbà tí a ka ohun tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi oúnjẹ ṣe. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: a kò gbọdọ̀ fi ojú ebi nìkan wo ìlò oúnjẹ jẹjẹrẹ.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ilé: jẹjẹrẹ Burkitt

Lọ́dún 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó wà ní Uganda, kọ̀wé lórí kókó kan tó ń yọ ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Àìsàn náà wọ́pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn dókítà ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, UCH, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Orítamẹ́fà, sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ. Jẹjẹrẹ Burkitt ń dàgbà kíákíá débi pé iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé nínú púpọ̀ jù lọ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ègé kan lára kromosóòmù 8 ti já, ó sì ti lọ lẹ̀ mọ́ kromosóòmù mìíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ 14. Jíìnì MYC ló wà lórí ègé náà, ipò tuntun tó bọ́ sí kì í sì í jẹ́ kó sinmi. MYC wà lára àwọn jíìnì tó ń pàṣẹ fún ìlò oúnjẹ: òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún gúlúkóòsì àti glutamine, èérún kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ pùròtéènì, òun ló ń mú kí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe lactic acid pọ̀ sí i. A rí i níhìn-ín pé ìlò oúnjẹ àti jíìnì kò ya ara wọn. Ìpalára tó ṣe jíìnì ló yí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà jẹun padà.

Oògùn tí wọ́n lò fún àrùn yìí ní Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Methotrexate jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Oògùn yìí ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń sọ folate, fítámì tó pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tútù, di irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè fi ṣe DNA. Lọ́dún 1948 ni Sidney Farber ti Boston kọ̀wé pé oògùn tó jọ ọ́, aminopterin, mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé kan rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún padà. Ìdí tí jẹjẹrẹ fi ń borí irú oògùn bẹ́ẹ̀ wá yéni sí i lọ́dún 1978, nígbà tí Robert Schimke àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó ti mọ methotrexate lára ti ṣe ẹ̀dà jíìnì ẹ́ńsáìmù náà lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé oògùn kò tó láti dí gbogbo wọn. Èyí wà lára ìdí tí àwọn dókítà kì í fi gbára lé oògùn kan ṣoṣo mọ́ fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ.

Ẹ̀kọ́ kẹta ti Ìbàdàn wá. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní jẹjẹrẹ Burkitt. Lọ́dún 1967 ó kọ̀wé lórí bí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ sí kókó náà. Lọ́dún 1972, ó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Lasker fún fífi oògùn wo àrùn yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa nínú èrò rẹ̀ ni pé ìwòsàn jẹjẹrẹ kò sí lọ́wọ́ oògùn nìkan; ara ní àwọn tó ń gbèjà rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n kún. Ìbéèrè tó wá kù ni bí àwọn agbèjà ara náà ṣe kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Tryptophan: oúnjẹ tó di ohun ìjà

Tryptophan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn amino acid (èérún pùròtéènì) tí ara ènìyàn kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀pà ni a ti ń rí i. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ pùròtéènì nílò rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T sì nílò rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì T ni irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń wá sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò àrùn ti wọ̀ tàbí tó ti di jẹjẹrẹ kiri, tó sì ń pa á. Nígbà tó bá rí ọ̀tá, ó gbọ́dọ̀ pín lọ́pọ̀ ìgbà kó lè pọ̀ tó. Bí tryptophan kò bá sí nítòsí, kò ní í lè pín. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí ń jẹ́ IDO1, tó ń fọ́ tryptophan di kynurenine. Níbi tí IDO1 bá ti ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, nǹkan méjì ló ń bá sẹ́ẹ̀lì T: oúnjẹ rẹ̀ á tán, kynurenine tó gba ipò oúnjẹ náà á sì tún máa gbé irú sẹ́ẹ̀lì T mìíràn dìde, èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pe àwọn jagunjagun padà sẹ́yìn.

Ara kò dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1998, David Munn, Andrew Mellor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, fún àwọn eku tó lóyún ní oògùn tó ń dí IDO1. Àwọn eku tí akọ wọn jẹ́ ẹ̀yà mìíràn pàdánù oyún wọn. Àwọn tí akọ wọn jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú wọn kò pàdánù tiwọn. Èyí fi hàn pé ní ibi ọmọ, ẹ́ńsáìmù yìí wà lára ohun tó ń dá àwọn agbèjà ara ìyá dúró kí wọ́n má baà kọlu ọmọ inú, tí ìdajì jíìnì rẹ̀ jẹ́ ti bàbá. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí ní Brussels fi hàn pé ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ ènìyàn ní IDO1 lọ́wọ́. Ohun tí ara ṣe fún ààbò ọmọ ni jẹjẹrẹ jí gbé fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ń jẹ tryptophan lójú ẹni tó nílò rẹ̀, ó sì ń fi àjẹkù rẹ̀ dí ẹni náà lọ́wọ́.

Ìwádìí Kunle Odunsi lórí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin

Lẹ́yìn Ifẹ̀, Odunsi kẹ́kọ̀ọ́ sí i nínú ìtọ́jú àwọn obìnrin ní Cambridge àti Yale, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwádìí Roswell Park ní ìlú Buffalo kó tó di olùdarí ibùdó jẹjẹrẹ Yunifásítì Chicago lọ́dún 2021. Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, ibi tí ẹyin obìnrin ti ń gbó, ló gbájú mọ́. Àìsàn yìí le nítorí pé kì í tètè fara hàn: inú wíwú, àìlèjẹun tó bó ti yẹ àti ìrora ikùn ni àmì rẹ̀, gbogbo wọn sì jọ àìsàn kékeré. Lọ́dún 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin 117 jáde. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì T tó ń pani pọ̀ nínú kókó wọn ń pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kéré lọ: ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ kọjá oṣù 55, ìdajì àwọn ti kejì kò kọjá oṣù 26. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń pe ogun padà bá sì pọ̀ ju àwọn tó ń jà lọ, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kì í dára. Èrò Ngu ti ọdún 1967 ti wá ní òǹkà tó gbè é lẹ́sẹ̀, lórí jẹjẹrẹ mìíràn, ní orílẹ̀-èdè mìíràn.

Bí sẹ́ẹ̀lì T bá ṣe pàtàkì tó báyìí, tí IDO1 sì ń rọ wọ́n lágbára, a óò retí pé oògùn tó bá dí IDO1 yóò tú wọn sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ronú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe epacadostat, wọ́n sì fi kún oògùn jẹjẹrẹ mìíràn tí ń jẹ́ pembrolizumab nínú ìdánwò ńlá kan lára aláìsàn 706 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ara tí ń jẹ́ melanoma. Lọ́dún 2018, èsì jáde pé àfikún náà kò fi ohunkóhun kún àǹfààní pembrolizumab. Ọ̀pọ̀ ìdánwò mìíràn tó dá lórí IDO1 dúró lẹ́yìn èyí.

Odunsi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ wádìí ìdí tí oògùn náà fi kùnà. Wọ́n fún obìnrin 17 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó ti tàn ní epacadostat fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fi bí kókó náà ṣe rí ṣáájú oògùn wé bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2022 ní apá méjì. Apá kìíní ni pé oògùn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ọ̀nà kynurenine dí. Apá kejì ni kókó ọ̀rọ̀. Tryptophan tí kò rí ọ̀nà kynurenine gbà mọ́ yà sí ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà serotonin, kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ NAD+ sì pọ̀ sí i nínú kókó náà. NAD+ wúlò fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì nínú ìlò agbára, ṣùgbọ́n nígbà tó pọ̀ báyìí, ó dín bí sẹ́ẹ̀lì T ṣe ń pín àti bó ṣe ń jà kù. Bí ọ̀nà kan ti ń dí ni òmíràn ń là, ibi tí méjèèjì sì já sí fún sẹ́ẹ̀lì T kò yàtọ̀ púpọ̀.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ohun tó ń ti ara NAD+ jáde lè kan àwọn ilẹ̀kùn kan lára sẹ́ẹ̀lì T, tí a ń pè ní A2a àti A2b, àwọn kan náà tí kẹ́míkà tí ń jẹ́ adenosine ń gbà fi ọ̀rọ̀ "ẹ dúró" ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì T tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Nígbà tí wọ́n sì pa ìdíwọ́ IDO1 pọ̀ mọ́ títi ilẹ̀kùn wọ̀nyí lára eku tó ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, àwọn eku náà pẹ́ láyé sí i. Ìyẹn ni pé ìmọ̀ nípa ọ̀nà kejì ló sọ ibi tó yẹ kí oògùn kejì dúró sí.

Àtakò àti ìdáhùn

Àtakò kìíní ni èyí tí a máa ń gbọ́ lójoojúmọ́: bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ràn ṣúgà, kí aláìsàn jáwọ́ nínú ṣúgà, iṣu, gàrí àti ìrẹsì, jẹjẹrẹ á kú. Ohun tó fà á tí èyí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ara kì í jẹ́ kí gúlúkóòsì tán nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ènìyàn kò bá jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ á tú èyí tó ti fi pamọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn bá tán, á fi pùròtéènì inú iṣan ṣe òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á tún rí tirẹ̀ gbà, á sì tún lè lo glutamine àti ọ̀rá. Aláìsàn ló ń rù. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ti ń jẹ ẹran ara aláìsàn tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbẹ jù kì í lè gba ìtọ́jú tó bó ti yẹ. Ẹ̀rí kan náà tó fi hàn pé jẹjẹrẹ ń lo ṣúgà ló fi hàn pé kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń lò. A kò sọ pé kí aláìsàn máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò bó ṣe wù ú. Ohun tí a sọ ni pé kó jẹun tó ṣara lóore, kó sì bá dókítà rẹ̀ àti onímọ̀ oúnjẹ ilé-ìwòsàn sọ̀rọ̀ kó tó yọ oúnjẹ kankan kúrò.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Ẹnì kan lè sọ pé fífi ebi pa jẹjẹrẹ ti ṣiṣẹ́ rí, kó sì tọ́ka sí asparaginase, oògùn tó ń pa amino acid asparagine run nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ti di ọ̀kan lára oògùn pàtàkì fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo ìdí tó fi ṣiṣẹ́: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn kò lè ṣe asparagine tó fúnra rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara lè ṣe tiwọn. Kò ní ọ̀nà kejì. Àpẹẹrẹ yìí kò tako ohun tí a ń sọ, ó tì í lẹ́yìn: bóyá ọ̀nà mìíràn wà tàbí kò sí ló ń pinnu bóyá dídí ọ̀nà kan yóò tó.

Àtakò kẹta sọ pé ìkùnà ọdún 2018 fi hàn pé gbogbo èrò nípa IDO1 ò wúlò. Ẹni tó sọ báyìí ti da ìbéèrè méjì pọ̀. Ìbéèrè kan ni pé ṣé jẹjẹrẹ ń fi tryptophan rọ sẹ́ẹ̀lì T lágbára. Èkejì ni pé ṣé dídí IDO1 nìkan tó láti dá a dúró. Ìdánwò náà dáhùn ìbéèrè kejì fún melanoma, ìdáhùn rẹ̀ sì ni rárá. Ìwádìí ọdún 2022, tó jẹ́ lórí jẹjẹrẹ mìíràn, fún wa ní ìdí kan tí ìdáhùn náà fi lè jẹ́ rárá láìsọ ìbéèrè kìíní di asán. Ìkùnà tí a wádìí dáadáa jẹ́ ẹ̀rí bí àṣeyọrí ti jẹ́ ẹ̀rí.

Àtakò kẹrin ni pé obìnrin 17 kéré, pé ọ̀sẹ̀ 2 kúrú, àti pé eku kì í ṣe ènìyàn. A gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún wa bóyá oògùn méjèèjì yóò wo obìnrin kan sàn, kò sì sí dókítà tó yẹ kó kọ ọ́ fún aláìsàn nítorí rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni láti fi hàn ohun tó yí padà nínú kókó jẹjẹrẹ ènìyàn gan-an nígbà tí oògùn wọ ibẹ̀, èyí tí ìdánwò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè má fi hàn bí wọn kò bá gé kókó náà wò. Iye ènìyàn tó yẹ kó wà nínú ìwádìí wà lọ́wọ́ ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn.

Àtakò ìkẹyìn ló kàn wá jù: kí ni èyí já mọ́ níbi tí aláìsàn púpọ̀ kì í dé ilé-ìwòsàn àfi ìgbà tí jẹjẹrẹ bá ti tàn? Lóòótọ́, àyẹ̀wò tó yá, iṣẹ́ abẹ tó péye àti oògùn tí apá ká ló máa kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, yálà ní Ilé-Ìwòsàn Ìjọba Ìfàkò-Ìjàyè tàbí ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, ní Ìkẹjà. Síbẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ò tako ara wọn. Ìbàdàn kò dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé kó tó fi ìmọ̀ kún ti ayé lórí jẹjẹrẹ Burkitt. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ nílùú náà. Ìlò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì lè yàtọ̀ nítorí jíìnì, nítorí oúnjẹ, nítorí àwọn àrùn mìíràn tó wà lára ènìyàn. Bí a kò bá tọ́jú kókó jẹjẹrẹ àwọn ènìyàn wa dáadáa fún àyẹ̀wò, tí a kò sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn sílẹ̀, oògùn tí wọ́n máa ṣe lọ́la á dá lórí ara àwọn ẹlòmíràn nìkan.

Ìkádìí

Láti orí Warburg dé orí Odunsi, ẹ̀rí náà ń sọ ohun kan náà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń jẹun láti kọ́ ara rẹ̀, ó ń jẹun láti rọ agbèjà ara lágbára, ó sì ń yí ọ̀nà padà bí ọ̀nà bá há. Oògùn tó dí ọ̀nà kan ṣoṣo ń ṣàṣeyọrí níbi tí ọ̀nà mìíràn kò sí. Níbi tó bá wà, a gbọ́dọ̀ wá a rí ká tó bẹ̀rẹ̀, ká sì mú oògùn tó máa pàdé rẹ̀ dání. Ìmọ̀ yìí kò tíì di ìwòsàn fún jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, àmọ́ ó ti sọ ìbéèrè tó yẹ kí olùwádìí máa bi ara rẹ̀ nígbàkúùgbà tí oògùn tuntun bá dé ọwọ́ rẹ̀: bí mo bá dí ibí yìí, ibo ló máa gbà?

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò

1. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí Otto Warburg rí àti àlàyé tó ṣe fún un. Èwo nínú méjèèjì ló dúró di òní, kí sì nìdí?

2. Ṣàlàyé bí jíìnì MYC ṣe so ìpalára kromosóòmù pọ̀ mọ́ ìlò oúnjẹ nínú jẹjẹrẹ Burkitt.

3. Kí ni ìdánwò tí wọ́n ṣe lára eku tó lóyún lọ́dún 1998 kọ́ wa nípa IDO1? Kí nìdí tó fi ṣe pàtàkì pé kì í ṣe gbogbo eku náà ló pàdánù oyún?

4. Asparaginase ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Epacadostat kò fi kún ìwòsàn melanoma. Lo ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kejì láti fi àwọn oògùn méjèèjì wéra.

5. Ìyá àgbà kan ní Fágbà ti jáwọ́ nínú gbogbo oúnjẹ òkèlè nítorí wọ́n sọ fún un pé yóò fi ebi pa jẹjẹrẹ ọyàn rẹ̀. Kọ lẹ́tà tí kò gùn sí àwọn ọmọ rẹ̀, kí o fi ẹ̀rí inú orí yìí gbà wọ́n nímọ̀ràn.